Ìrẹsì Ọjọ́ Àìkú Lẹ́yìn Baltasar

Àìkú, 8 oṣù Owéwe

Àwọn ọmọ mi méjèèjì wá lónìí, wọn ò sì jókòó pẹ́ tó kí kọfí wọn tutù. Ferran lọ jókòó sétí fèrèsé, Ximo àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, èmi wà láàárín bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbò méjì. Láti ìgbà tí Baltasar ọkọ mi ti kú lóṣù Òkúdù, a ò tíì dá iná ọjọ́ Àìkú nílé yìí. Páànù ńlá rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó níbi tó gbé e kọ́ sí.

Ferran ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Ìrẹsì Bàbá ló ń kó wa jọ síbí. Bàbá ti lọ, ìrẹsì náà ti lọ. Èmi á máa wá wò yín ní Ọjọ́rú."

Ximo ò wojú rẹ̀. Èmi ló wò. Ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì ló rọ èmi lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Wọ́n fẹ́ pín mi. Ọ̀kan á mú Ọjọ́rú, ọ̀kan á mú Ẹtì, wọn ò sì ní fojú kan ara wọn mọ́ títí wọn á fi gbé èmi náà lọ sí itẹ́ òkú. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ Baltasar ò gbà kí wọ́n má jẹun pọ̀. Páànù kan náà láàárín tábìlì, ṣíbí kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, oníkálukú kọjú sí apá tiẹ̀. Bí ẹnu wọn ò tiẹ̀ pàdé, ọwọ́ wọn ń pàdé nínú oúnjẹ.

Ni mo bá ní, "Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, iná á jó nínú àgbàlá yìí. Èmi ni mo máa sè é."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ferran ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Màmá, ẹ ti se ìrẹsì orí iná igi rí?"

Èmi tí mò ń se ìpápánu fún odidi abúlé nínú ilé ọtí mi! Àmọ́ òótọ́ ni, mi ò sè é rí. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́fà ni tobìnrin, iná ọjọ́ Àìkú tọkùnrin ni. Baltasar ò jẹ́ kí n ju ẹyọ igi ọsàn kan sí i rí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gé tòmátì, kí n sì yìn ín tó bá jinná.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Owéwe

Afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn ń fẹ́ láti àná, ó gbóná bí ẹnu ààrò. Ilé ọtí kún lọ́sàn-án. Mo gbé ìgbín aláta jáde, mo gbé ànàmọ́ òyìnbó tí mo fi aáyù àti òróró gún jáde, mo gbé ẹja kéékèèké oníyọ̀ lórí búrẹ́dì. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi búrẹ́dì nu àwo.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí wọn. Gaspar tó ń wa ẹ̀rọ ìkórè pariwo látìdí tábìlì rẹ̀, ó ní, "Ramona, wọ́n ní o fẹ́ di ọkùnrin lọ́jọ́ Àìkú!"

Mo ní, "Bí mo ṣe ń wò yín jókòó níbẹ̀ yìí, ta ló máa fẹ́ dà á?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àyàfi Bàbá Voro. Ọ̀rẹ́ Baltasar ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì láyà láti sọ fún ọkọ mi lójú pé ìrẹsì rẹ̀ ò dáa. Ó mú ìgbín kan sókè, ó wò ó, ó ní, "Ìgbín rẹ dùn, ìyàwó Baltasar. Ìyẹn ò ní kó o mọ ìrẹsì. Ọbẹ̀ máa ń dárí jini. Bó bá ki, wàá bomi sí i. Bó bá ṣàn, wàá jẹ́ kó hó. Ìrẹsì ò dárí ji ẹnì kan."

Mo ní kó jẹ ìgbín rẹ̀.

Àìkú, 15 oṣù Owéwe

Ẹ̀tẹ́ ni.

Igi tí mo kó kò gbẹ. Èéfín bo gbogbo àgbàlá, ojú mi ń ṣomi, ìrẹsì ń jóná nísàlẹ̀, ó sì le lókè bí òkúta wẹ́wẹ́. Ehoro odidi kan àti ìdajì adìyẹ ni mo fi ṣòfò. Ferran fi ṣíbí kan án lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ximo jẹ apá tiẹ̀ tán pátá, tòun ti èédú. Ebi kọ́ ló ń pa á. Ó ń jẹ ẹ́ láti fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà ni.

Apá Baltasar wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i. Mo họ ọ́ fún ológbò.

Nígbà tí Ximo ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Wọ́n ti kun ọkọ̀ yẹn ní pupa." Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi bàbá ọkọ mi ló ń wí, èyí tí Ferran tà fún ilé oúnjẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Ximo lọ já èso àjàrà ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn onílé oúnjẹ gbé e sórí ilẹ̀, wọ́n gbin òdòdó sínú rẹ̀ fún àwọn àlejò láti máa ya fọ́tò. Gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá ni Ximo ń kọjá lára rẹ̀ tó bá ń lọ sóko. Ferran ò sì sọ ìdí tó fi tà á fún ẹnì kankan rí.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Owéwe

Ìkórè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọn ò jẹ́ ká gbádùn. Ehoro ti gbówó lórí, ẹni tó ń tà á sì ń sọ ọ́ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù Owéwe

Mo lọ bẹ Bàbá Voro. Mi ò lè bẹ èèyàn dáadáa, kò mọ́ mi lára. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní, "Ẹ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀?" Ó ní, "Wo bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

Ohun tó kọ́kọ́ ní kí n ṣe ni kí n da òróró sí páànù kí n sì dúró. Ó ṣàn lọ sí apá kan. Ó ní, "Òróró ni òjíṣẹ́. Ibi tó bá sá lọ, ibẹ̀ ló rẹlẹ̀. Ki òkúta bọ abẹ́ páànù níbẹ̀." A ki òkúta bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹran, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi pọ́n. Ẹ̀wà tútù, ẹ̀wà funfun ńlá. Tòmátì. Ata gígún, kó má pẹ́ nínú òróró, bó bá jóná, ó di kíkorò. Kí omi dé ojú ìṣó tó kan etí páànù mọ́ ọn lára, ìyẹn ni òṣùwọ̀n. Nígbà tí omi ti hó dáadáa, tí safrá, èròjà tó ń pa oúnjẹ láró, ti sọ ọ́ di àwọ̀ pupa ẹyin, a da ìrẹsì bí ebè gígùn kan láti etí dé etí, a fi ṣíbí tẹ́ ẹ ká.

"Ó parí," ló wí.

Mo mú ṣíbí láti rò ó. Ọ̀pá rẹ̀ bà mí níka. "Gbé ọwọ́ rẹ kúrò! Ta ló ní kó o rò ó? Ṣé ẹ̀kọ lò ń rò ni?"

"Ọwọ́ mi ò lè dá dúró lásán!"

"Kọ́ ọ kó dúró. Gbogbo yín tẹ́ ẹ ń ta ìpápánu, ẹ ò lè ṣe kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan. Ibi tí ìrẹsì bá sùn sí, ibẹ̀ ni kó jí sí."

Mo ká apá mi mọ́ àyà, mo dúró. Ọ̀fọ̀ Baltasar ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bà mí níbẹ̀, lójú iná, nítorí bó ṣe máa ń dúró gan-an nìyẹn, apá ní kíká, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo máa ń rò pé ìgbéraga ni.

Àìkú, 22 oṣù Owéwe

Ó jinná! Ìrẹsì ọ̀hún dúró ní ẹyọ-ẹyọ. Èyí tó wà ní ìdí páànù gan díẹ̀, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ ṣíbí. Ferran họ tiẹ̀ títí páànù fi ń dán, ó sì béèrè bóyá ó kù. Kò yìn ín o. Ó béèrè bóyá ó kù.

Mo sún àga mi síwájú apá Baltasar, mo sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wò mí.

Àìkú, 29 oṣù Owéwe

Ó tún dára. Wọ́n wá, wọ́n jẹun, wọ́n lọ.

Ẹtì, 11 oṣù Ọ̀wàrà

Wọ́n ń sun koríko ìrẹsì lóko, òórùn èéfín wọ inú aṣọ tí mo sá. Ximo wọlé lọ́sàn-án, àpò ìrẹsì lórí èjìká, eruku dé ojú. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Tèmi ni, Màmá. Èyí tí mo dá gbìn láìsí Bàbá. Òun lẹ máa sè lọ́jọ́ Àìkú."

Mo bù ú sọ́wọ́. Ó funfun, ó mọ́, ó ṣì ń rùn bí ilẹ̀. Inú mi dùn, mo sì sọ fún un pé inú mi dùn. Ó tijú bí ọmọdé, ó ní òun ń lọ wẹ̀.

Àìkú, 13 oṣù Ọ̀wàrà

Ó bàjẹ́. Gbogbo ẹ̀ bàjẹ́.

Mi ò ṣe ohun tó yàtọ̀. Òkúta lẹ́sẹ̀ páànù, ẹran pọ́n, omi dé ojú ìṣó, mi ò fi ṣíbí kàn án. Ìrẹsì ọmọ mi mu omi yó, omi sì ṣì kù. Mo ko iná pọ̀ sí i. Ìrẹsì bẹ́, ó lẹ̀ mọ́ra, ó di ìṣù.

Ferran fi ṣíbí gbé e, ó yí ṣíbí dà, ìṣù náà já bọ́ pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó jọ ẹni tó gbìn ín. Kò lè dá dúró."

Ximo gbé orí sókè. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó sì dá a lóhùn. Ó ní, "Ó sàn kí n gbin ohun tó rọ̀ ju kí n ta ohun tí kì í ṣe tèmi."

"O ò mọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé wọ́n gbin òdòdó sínú ọkọ̀ bàbá bàbá mi! Mo mọ̀ pé ajá àwọn àlejò ń tọ̀ sí i lára! Kí ló kù tí mi ò mọ̀? Sọ ọ́!"

Ferran gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀, ó fẹnu kò mí lórí. Ó ní, "Màmá, ẹ má dáná nítorí tèmi mọ́."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ara wọn sọ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ni, mo ti ń gbàdúrà fún un. Ìrẹsì mi ló là wọ́n lẹ́nu, ohun tó sì jáde nìyẹn.

Ajé, 14 oṣù Ọ̀wàrà

Bàbá Voro jókòó, mi ò gbé wáìnì rẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́."

Ó ní, "Ìrẹsì wo lo sè?"

"Ti Ximo. Tuntun."

"Tuntun! O sì bu omi dé ojú ìṣó?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ojú ìṣó!"

"Fún ìrẹsì èṣí! Tuntun ṣì ní omi oko lára, díẹ̀ ló ń gbà. Ká fi ìka kan dín in títí di ìgbà ọdún Kérésì. Ramona, ọmọ iléèwé mọ èyí lábúlé yìí."

"Ọmọkùnrin iléèwé mọ̀ ọ́n. Ta ló sọ ọ́ fún ọmọbìnrin? Inú oko ìrẹsì ni wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Baltasar gan-an tá a jọ sùn kò sọ ọ́."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá ní, "O jàre." Mo gbé wáìnì fún un.

Àìkú, 20 oṣù Ọ̀wàrà

Òjò. Mo dáná lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé. Omi fi ìka kan dín, ìrẹsì Ximo jáde bó ṣe yẹ. Èmi àti òun nìkan la jẹ ẹ́. Apá Ferran wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ximo ní, "Mo ti sọ pé kò ní wá. Ìgbéraga ló ń bá a jà." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ kó jẹun.

Ó dùn. Mo kórìíra bó ṣe dùn tó.

Àìkú, 27 oṣù Ọ̀wàrà

Bákan náà.

Ẹtì, 1 oṣù Bélú

Ọjọ́ àwọn òkú wa. Mo fi omi àti ọṣẹ fọ òkúta ibojì Baltasar, mo gbé òdòdó sí i. Ximo wá láàárọ̀. Ferran àti Inma ìyàwó rẹ̀ wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Inma dì mọ́ mi pẹ́, ó sọ sí mi létí pé, "Màmá, ẹ wá sílé wa. Ẹ wá bi í. Èmi ò lè sọ ohun tí kì í ṣe tèmi."

Mo bi í pé kí ni. Ferran pè é, ó sì lọ.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Bélú

Wọ́n ti ṣí omi sínú oko. Gbogbo ilẹ̀ ti di ọ̀sà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti dé. Mi ò tíì lọ sílé Ferran. Ẹ̀rù ohun tí mo máa gbọ́ ń bà mí, kí n má purọ́.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Bélú

Mo lọ. Mo bá Ferran lẹ́yìn ilé, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ní kí n jókòó.

Mo ní, "Mi ò wá jókòó. Kí ló dé tó o ta ọkọ̀ yẹn?"

Ó ń nu ọwọ́, ó ń nu ọwọ́, àkísà náà ti dúdú ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Inma sọ̀rọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ferran, ẹni tó o búra fún ti kú. Sọ ọ́ fún ìyá rẹ."

Ó wá sọ ọ́. Ní ọdún yẹn, nígbà tí Ximo wà ní ilẹ̀ Faransé, Baltasar lọ wo àwọ̀n rẹ̀ lórí ọ̀sà láàárọ̀ kùtù, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú sómi. Ferran ló rí i. Ó fà á jáde tí ètè rẹ̀ ti dúdú. Ìgbà kejì nìyẹn, ti àkọ́kọ́ kò ṣojú ẹnì kankan. Ferran ní kó má gun ọkọ̀ mọ́, Baltasar ní òun á gùn ún. Ferran ní kóun pe dókítà, ó kọ̀. Baltasar mú kí Ferran fi orí mi búra pé kò ní sọ fún mi, kò sì ní sọ fún Ximo. Ó ní, "Tí Ximo bá gbọ́, á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó tì mí bí ọmọ ọwọ́. Ìyá yín á máa sunkún."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Màmá," Ferran ní. "Tí ọkọ̀ bá wà níbẹ̀, á gùn ún. Ni mo bá tà á. Ó bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó ní mo ṣe dáadáa, àmọ́ kí n má sọ."

"Ó sì jókòó sáàárín yín ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń wò ó tí àbúrò rẹ ń fojú olè wò ọ́?"

Ó ń sunkún. Àgbàlagbà ọkùnrin.

Mo ní kó lọ sọ fún Ximo. Ó mi orí. Ó ní, "Kò béèrè lọ́wọ́ mi rí. Ọjọ́ tó ti Faransé dé ló ti pè mí lólè, kò tíì bọ́ bàtà. Mi ò ní lọ máa ṣàlàyé ara mi fún un."

Ẹtì, 22 oṣù Bélú

Baltasar, inú ń bí mi sí ẹ. Mo ń kọ ọ́ síbí torí pé ibojì rẹ jìnnà, òjò sì ń rọ̀. O dúró ti iná pẹ̀lú apá ní kíká, gbogbo wa ń wò ọ́ bí ọba, o sì mọ̀. O jẹ́ kí ọmọ rẹ ru ẹrù ìtìjú rẹ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n má bàa sọ pé o ti ń darúgbó. Ta ni kò ń darúgbó? Èmi tí mo fẹ́ ẹ, ṣé màá fi ẹ́ ṣẹ̀sín ni?

Mi ò gé ẹja lónìí, mi ò ṣí ilé ọtí. Àwọn oníbàárà kanlẹ̀kùn títí, wọ́n lọ.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù Bélú

Mo bi Bàbá Voro léèrè láì dárúkọ ẹnì kan: tí òkú bá ní ká má sọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà sì ń pa alààyè, ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Baltasar ṣubú sómi, àbí?" Ó ti fura! Gbogbo wọn ló fura, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń jẹ ìgbín mi. Ó ní, "Òkú ò ní jẹ ìrẹsì lọ́la, Ramona. Ìwọ mọ ẹni tó máa jẹ ẹ́."

Àìkú, 1 oṣù Ọ̀pẹ

Òtútù mú, oòrùn ràn díẹ̀. Ximo ló to igi fún mi, ó ń fẹ́ iná. Omi ti ń hó, safrá ti wọ̀ ọ́, mo mú ìrẹsì lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá jẹ́ kó di ìgbà tí a jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, lórí ìnàró, tí mò ń wo omi, tí mi ò wojú rẹ̀. Ìṣubú náà, ìbúra náà, ẹni tó fa bàbá rẹ̀ jáde.

Mo da ìrẹsì bí ebè, mo tẹ́ ẹ ká, mo ká apá mi. Ximo ń wo iná. Ìgbà kan ó béèrè pé, "Ètè rẹ̀ dúdú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Ferran wí.

A gbé páànù sórí tábìlì. Ó jẹ apá tiẹ̀, èmi jẹ tèmi. Kò gbójú sókè. Nígbà tó jẹ tán, ó wo apá Ferran fún ìgbà pípẹ́. Ó dìde, ó lọ mú àwo jíjìn kan wá. Ó fi ṣíbí gbé apá náà kúrò láti etí dé àárín, ó họ ìdí páànù tó gan dáadáa, kò jẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Ó gbé itan ehoro lé e lórí. Ó fi àwo mìíràn dé e, ó fi aṣọ ìnuwọ́ so ó.

"Níbo lò ń lọ?" mo bi í.

"Á tutù," ló fi dá mi lóhùn. Ó jáde.

Mo palẹ̀ tábìlì mọ́. Mo tún palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Iná kú, eérú tutù. Mo ń bú ara mi pé mo ti fi ọmọ kan ránṣẹ́ sí èkejì kí wọ́n lọ pa ara wọn. Mo dìde láti wọ aṣọ òtútù kí n tẹ̀ lé e, mo tún jókòó.

Ìgbà tó dé, oòrùn ti ń wọ̀. Àwo méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ wọ́n. Ojú rẹ̀ wú, imú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Ferran ní iyọ̀ ò tó nínú ẹ̀."

Mo bú sẹ́kún, mo sì ń bú Ferran nínú ẹkún náà pé aláìmoore ni, èmi tí mo dúró nínú òtútù láti àárọ̀. Ximo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú òun náà. Nígbà tó lọ tán, mo fi ìka mú èyí tó kù ní ẹ̀gbẹ́ páànù, mo fi kan ẹnu. Òótọ́ ni. Mi ò rántí iyọ̀ rárá.